Ẹ̀yìn Ọwọ́ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Yà

Ẹ̀yìn ọwọ́ náà kò yẹ kó ní ohunkóhun lára. Ohun tó kọ́kọ́ da Morádéún láàmú lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyẹn, nígbà tó yí àwòrán náà po lójú kọ̀ǹpútà, tó sì rí i pé ìka ti wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi yé yín bí iṣẹ́ náà ṣe rí, kí ẹ lè mọ ohun tó bà á lẹ́rù. Àwòrán tí àwọn tó ń ṣe pátákó ìpolówó máa ń fi kọ̀ǹpútà yà, pẹlẹbẹ ló máa ń wà. Ìlà ló yí i ká, àwọ̀ ló wà nínú rẹ̀, kò ju abala páálí tí wọ́n fi àlùmọ́gàjí gé lọ. Bí oníbàárà bá wá ní òun fẹ́ kó yọ síta bí èyí tó wà lójú àwọn ilé ìfowópamọ́ ńlá, oníṣẹ́ á mú àwòrán pẹlẹbẹ yẹn, á fún un ní ìnípọn, á jẹ́ kó wú díẹ̀ níwájú, á tan ìmọ́lẹ̀ sí i láti ẹ̀gbẹ́ kan kó lè ní òjìji. Ó di 3D nìyẹn, o lè yí i sọ́tùn-ún, o lè yí i sósì. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò mọ̀ ju ohun tí wọ́n bá yà fún un. Bí o bá yí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ padà, ẹ̀yìn rẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ bí pákó tí wọ́n fá. Kò sẹ́ni tó ya ẹ̀yìn, nítorí náà kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ọdún kẹjọ rèé tí Morádéún ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ní ilé iṣẹ́ kan ní Warehouse Road, l'Apapa. Ó ti sọ orúkọ ilé oògùn di 3D, ó ti sọ ìdákọ̀ró ọkọ̀ òkun di 3D fún àwọn tó ń kó ẹrù jáde ní èbúté. Èyí tó wà níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà kì í ṣe ti oníbàárà. Àmì ìjọ tirẹ̀ ni, Ìjọ Àtùpà Àlàáfíà, ní Amukoko: ọwọ́ kan tó di fìtílà mú. Lójú àwòrán náà, àtàǹpàkò nìkan lo máa rí, àti ọrùn ọwọ́. Ìka mẹ́rin tó kù ti gba ẹ̀yìn fìtílà lọ. Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ya géètì tuntun ìjọ náà sí mímọ́, orí géètì yẹn sì ni ọwọ́ náà máa dúró sí, kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá lè rí i.

Ó yí i padà láti wo bóyá ìnípọn rẹ̀ tó. Ìka mẹ́rin ló rí.

Wọ́n ká mọ́ ìdí fìtílà náà bí ìka ẹni tó ti di nǹkan mú tipẹ́. Oríkèé wọn hàn, awọ tó hunjọ lórí oríkèé hàn, èékánná hàn. Ìka kẹrin, ọmọńdinrín, kò dé ibi tó yẹ kó dé. Ó dúró ní oríkèé kejì, orí rẹ̀ sì rí róbótó bí ìdí àbẹ́là.

Morádéún gbé ọwọ́ kúrò lórí máòsì. Níta, àwọn tírélà ń fọn fèrè bí wọ́n ṣe máa ń fọn ọ́n. Ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn lókè orí rẹ̀. Jennifer, akẹgbẹ́ rẹ̀ tó jókòó nídìí kọ̀ǹpútà kejì, ń bó ẹ̀pà. Morádéún pa ìnípọn àwòrán náà rẹ́, ó dá a padà sí pẹlẹbẹ, ó tún fún un ní ìnípọn. Ó rọra yí i padà, bí ẹni tó ń ṣí aṣọ lójú ẹni tó ń sùn.

Ìka mẹ́rin náà ṣì wà níbẹ̀.

Morádéún mọ ọwọ́ yẹn. Gbogbo ọmọ tó ti jókòó ní kíláàsì ọjọ́ Ìsinmi ní ìjọ wọn láti ogún ọdún sẹ́yìn ló mọ̀ ọ́n. Bàbá Dáhùnsí ló ni ín, Bàbá Dáhùnsí sì ti wà nínú ilẹ̀ láti oṣù kẹta.

Òṣìṣẹ́ èbúté ni bàbá náà tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan, okùn ọkọ̀ òkun kan já, ó sì gbé ìdajì ọmọńdinrín ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lọ. Ó fi èbúté sílẹ̀, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀dà kọ orúkọ sára ṣọ́ọ̀bù àti ọkọ̀ akẹ́rù. Ọwọ́ òsì ló fi ń kùn ún. Ọwọ́ ọ̀tún, inú àpò ló máa ń wà. Ojú ìka náà máa ń tì í. Ìgbà kan ṣoṣo tó máa ń yọ ọ́ síta ni bí ọmọ kan bá ya àwòrán tó dára ní kíláàsì ọjọ́ Ìsinmi tó ń kọ́. Kò ní sọ nǹkan kan, nítorí ó máa ń kólòlò. Á dúró sẹ́yìn ọmọ náà, á sì fi ọwọ́ ọ̀tún náà kàn án léjìká, fẹ́ẹ́rẹ́. Morádéún gba ọ̀pọ̀ irú oríyìn bẹ́ẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré. Aṣọ ìjọ́sìn rẹ̀ á máa rùn kẹrosíìnì àti ọ̀dà títí dé ilé.

Oṣù kejì ọdún yìí ni Bàbá Dáhùnsí pè é wọ ìsọ̀ rẹ̀ ní Amukoko, tó sì fún un ní abala páálí kan. Ọwọ́ tó di fìtílà mú ló wà lára rẹ̀, wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì yà á, wọ́n fi ọ̀dà búlúù kùn ún. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló wò yà á. Ó sì ti fọgbọ́n ṣe é, ó jẹ́ kí ìka gba ẹ̀yìn fìtílà lọ, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí èyí tó kúrú.

“Bá mi fi kọ̀ǹpútà tún un ṣe,” bàbá náà wí, ọ̀rọ̀ ń há mọ́ ọn lẹ́nu. “Mo… mo rí i. Àárọ̀ Ọjọ́rú, mo ń gbàdúrà lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n gbé e fún ìjọ.”

“Ẹ̀yin fúnra yín ẹ sọ fún Pásítọ̀, Bàbá.”

“Èmi? Kí n tó kólòlò dé ìdajì, àwọn ará á ti lọ jẹun tán.” Ó rẹ́rìn-ín. “Ìwọ lo mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Sọ fún wọn pé Ọlọ́run ló fi han Dáhùnsí.”

Morádéún ṣe ìlérí. Ó ya fọ́tò páálí náà, ó fi ìlà tẹ̀ lé gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, ó sọ ọ́ di àwòrán pẹlẹbẹ tó mọ́ tónítóní. Kó tó parí rẹ̀, bàbá náà sùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò sì jí mọ́.

Ọjọ́ tí Morádéún fi àwòrán náà han Pásítọ̀ Ọláolúwa, inú ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ ni. Pásítọ̀ wò ó títí, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, “Ta ló fi èyí hàn ọ́, ọmọ mi?” Orúkọ Dáhùnsí ti wà lórí ahọ́n Morádéún. Ṣùgbọ́n ojú gbogbo èèyàn wà lára rẹ̀, ó sì dùn mọ́ ọn, adùn kékeré kan báyìí, ó sì gbọ́ tí ẹnu òun ní, “Ọlọ́run ni, Sà.”

Kò tíì jẹ́ odindi irọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e ló di odindi, nígbà tí wọ́n ní kó wá jẹ́rìí. Ó di gbohùngbohùn mú, ó ní òun wà nínú àdúrà lówùúrọ̀ Ọjọ́rú, òun sì rí ọwọ́ kan. Àní ọjọ́ tí òkú náà rí ìran rẹ̀, ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjọ dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Màmá Àdùfẹ́, opó Dáhùnsí, tí awọ funfun ti bo ojú rẹ̀ méjèèjì, jókòó sí ìlà kejì. Òun náà dìde, ó sì pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀yin ará, tọkọtaya kan wà ní ìgbà ìjọ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi apá kan owó ilẹ̀ tí wọ́n tà pamọ́ sílé, tí wọ́n gbé ìyókù wá síwájú àwọn àpósítélì bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe gbé òkú àwọn méjèèjì jáde. Morádéún náà mọ̀ ọ́n. Ó ti fi kọ́ àwọn ọmọdé rí. Láti ọjọ́ ẹ̀rí náà, bó bá kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, ó máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn kọjá bí ẹni tó ń yẹra fún kòtò lójú ọ̀nà. Ó máa ń dúpẹ́, ó máa ń tọrọ, ó máa ń ṣàmín. Kò jẹ́ dúró níbẹ̀.

Ní báyìí, ọjọ́ Ìsinmi tí wọ́n máa ya géètì sí mímọ́ náà ni wọ́n máa sọ ọ́ di díákónẹ́ẹ̀sì. Pásítọ̀ ti ní kó tún sọ ìran náà níwájú ìjọ kí wọ́n tó da òróró sórí ọwọ́ náà. Bó bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, lábẹ́ òróró, ó mọ̀ pé òun kò ní lè kó o padà mọ́ láéláé.

Lọ́jọ́rú, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà Jennifer, ó ya àwòrán náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ìlà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò fọwọ́ kan fáìlì ti tẹ́lẹ̀. Ó fún un ní àwọ̀ góòlù látòkè délẹ̀. Ó fún un ní ìnípọn. Ó yí i padà.

Àwọn ìka náà ti sún mọ́ra ju ti àná lọ. Etí èékánná wọn sì ti di búlúù.

“Aunty Mo,” Jennifer wí lẹ́yìn rẹ̀, tòun ti ẹ̀pà lẹ́nu, “ọwọ́ yìí mà dára o. Ta ló jókòó fún yín tí ẹ fi yà á?”

“Kò sẹ́ni tó jókòó.”

“Ó jọ pé ẹnì kan jókòó.” Jennifer tẹ̀ síwájú. “Ẹ wo bó ṣe rẹ àwọn ìka yìí. Ọwọ́ ẹni tó ti ṣiṣẹ́ láyé nìyí. Àbí kọ̀ǹpútà ti ń gbọ́n lẹ́yìn wa ni?”

“Bóyá ohun tó ń ṣe é nìyẹn,” Morádéún dáhùn, ó sì pa ojú kọ̀ǹpútà náà. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ètò tí àwọn ń lò ti gbó, kò sí ọgbọ́n kankan nínú rẹ̀ ju èyí tí wọ́n bá kì sí i.

Ó rí ọ̀nà kan. Ẹ̀rọ tó ń gé fóòmù líle ní ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ wọn, òkè nìkan ló ti máa ń gé, abẹ rẹ̀ kì í dé ìsàlẹ̀. Nínú fáìlì náà, ó fi abala pẹrẹsẹ kan dí gbogbo ẹ̀yìn ọwọ́ náà pa, ó fi iwájú nìkan ránṣẹ́ sí Tonye, ọmọ ìlú etídò tó ń darí ẹ̀rọ náà. Ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Ó tilẹ̀ jẹun.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Tonye pè é. Tonye kì í gbé nǹkan kúrò lórí tábìlì ẹ̀rọ rẹ̀ láìdápàárá. Bó bá gé orúkọ ilé ìjọsìn kan, á bi ọ́ bóyá àwọn áńgẹ́lì ti san owó ọkọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ó dúró jìnnà sí tábìlì náà, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà.

“Sister Mo, you no tell me say na two sides.”

“Iwájú nìkan ni mo fún ẹ.”

“Na so me too see am. Iwájú nìkan ni mo gé.” Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí i. “Mo gbé e kúrò, mo yí i padà kí n lè gbọn ẹ̀gbin ẹ̀ dànù. Ẹ lọ wò ó.”

Morádéún kò nílò láti wò ó, ṣùgbọ́n ó wò ó. Abala pẹrẹsẹ tó fi dí i kò sí níbẹ̀. Ìka mẹ́rin ló wà níbẹ̀, nínú fóòmù funfun, gbogbo ibi tí awọ wọn ti hunjọ pé. Òórùn tó yẹ kó máa ti ara fóòmù tuntun jáde kọ́ ló ń jáde.

“Kẹrosíìnì,” Tonye wí jẹ́jẹ́. “Kò sí kẹrosíìnì nínú ọgbà yìí. Mo ti wá a kiri.”

“Kùn ún ní góòlù fún mi, Tonye. Jọ̀ọ́.”

“Mi ò fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ má bínú.” Ó wò ó lójú. “Sister, ẹni tó ni ọwọ́ yìí, ṣé ẹ jọ ń bá ara yín ṣọ̀rẹ́?”

Morádéún gbé e kúrò lórí tábìlì. Fúnra rẹ̀ ló kùn ún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fọ́n góòlù sí i, ẹ̀ẹ̀mẹta náà sì ni góòlù mú gbogbo ara rẹ̀, àyàfi èékánná. Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, ó gé páálí nípọn kan, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì bá ọkọ̀ gbé e gba ibùdókọ̀ Coconut, láàárín àwọn mẹkáníìkì àti àwọn tó ń ta oúnjẹ, títí dé Amukoko. Ní gbogbo ọ̀nà, ó fi aṣọ bò ó lórí itan. Ó ń tijú rẹ̀ bí ẹni tó gbé ọmọ olọ́mọ.

Kò rí ẹnì kankan nínú ilé ìjọsìn nígbà tó gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. Oòrùn ń gba ojú fèrèsé wọlé. Ó ń ká aṣọ náà lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ ìgbálẹ̀ láàárín àga, tí ìgbálẹ̀ náà sì dúró.

“Ta nìyẹn?” Màmá Àdùfẹ́ ni. Ìyá náà máa ń wá gbálẹ̀, kó sì nu àga lọ́jọ́ Sátidé, ó máa ń fọwọ́ wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Èmi ni, Màmá. Morádéún. Ẹ kú iṣẹ́ o.”

“Wọ́n ní o máa gbé ọwọ́ náà wá lónìí. Ṣé òun nìyẹn? Wá mú mi débẹ̀. Ojú mi ò lè rí i, kí n fọwọ́ wò ó.”

Kò sí bó ṣe fẹ́ kọ̀. Ó di ìgúnpá ìyá náà mú, ó mú un lọ. Màmá Àdùfẹ́ fọwọ́ kan iná fìtílà náà, ó rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ kan ìdí fìtílà, ó fọwọ́ kan àtàǹpàkò. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ rọra gba ẹ̀gbẹ́ lọ sẹ́yìn. Morádéún wo ilẹ̀. Páálí tó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ọn ti wà níbẹ̀, lẹ́bàá ẹsẹ̀ tábìlì, gọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣì tutù.

Ìyá náà ń kà á lábẹ́ ẹnu. Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta. Nígbà tó kan ẹ̀kẹrin, ó dákẹ́. Ó fi ìka ara rẹ̀ sí ibi tí ìyókù ìka náà ì bá wà, ó sì fi í síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

“Ta ló mú ọwọ́ ọkọ mi wá síbí?”

“Màmá, ẹ̀rọ ló gé e.”

“Mo gbọ́.” Ohùn rẹ̀ kò ròkè. “Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi di ọwọ́ yìí mú. Ẹ̀rọ wo ló mọ̀ ọ́n?”

Morádéún tẹ̀ba, ó ṣa páálí tó ti jábọ́ náà nílẹ̀.

“Ó sọ fún mi, ọmọ mi. Ọjọ́ tó fún ẹ ní páálí yẹn, ó délé, inú ẹ̀ ń dùn bí ọmọdé. Ó ní, Àdùfẹ́, mo ti rí ẹnu tó máa bá mi sọ ọ́.” Ìyá náà mí. “Mo pàtẹ́wọ́ fún ẹ lọ́jọ́ tí o jẹ́rìí. Mo rò pé orúkọ ẹ̀ ló kàn. Mo ń pàtẹ́wọ́, mo ń retí orúkọ. Ìgbà tí wọ́n dá orin lé e ni mo tó jókòó.”

“Kí ló dé tí ẹ ò bá mi wí, Màmá? Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni?”

“Ojú á tì ẹ́.” Ó sọ ọ́ bí ẹni pé ohun tó hàn gbangba ni. “Ìtìjú ni mo bá gbélé ní gbogbo ìgbéyàwó mi. Ó ń fi ọwọ́ sápò níwájú àwọn ọmọ tó bí. Mi ò fẹ́ fi kún un láyé.”

Ó ṣì di ìka náà mú. Lẹ́yìn náà, ó yí ojú funfun rẹ̀ sápá ibi tí Morádéún wà.

“Ó gbóná,” ó wí. “Fọwọ́ kàn án.”

Morádéún kò fọwọ́ kàn án. Ó gbé àpò rẹ̀, ó jáde, ó rìn dé ilé lábẹ́ oòrùn láìkí ẹnì kankan.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó wọ aṣọ funfun tí wọ́n ní kí gbogbo ẹni tí wọ́n fẹ́ fi joyè ìjọ wọ̀. Wọ́n ti gbé ọwọ́ náà síta, sórí tábìlì níwájú géètì, pẹ̀lú àkàsọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi gbé e gòkè. Ìjọ yí i ká. Pásítọ̀ Ọláolúwa gbé ìgò òróró dání, ó sì na gbohùngbohùn sí i.

“Arábìnrin wa, tún ìran náà sọ fún wa, kí àwọn tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn lè gbọ́.”

Ó gbà á. Ó rí Màmá Àdùfẹ́ lórí àga lẹ́bàá tábìlì náà, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan, kò pàtẹ́wọ́. Ó rí àbúrò rẹ̀ Tinú láàárín akọrin, tó ti gbé fóònù sókè láti ya á. Ọ̀rọ̀ tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ náà tò sí ẹnu rẹ̀ geerege: mo wà nínú àdúrà lówùúrọ̀ Ọjọ́rú. Ó yà á lẹ́nu bó ṣe rọrùn tó. Bó bá ti lè la ẹnu, á jáde fúnra rẹ̀.

“Mi ò rí ìran kankan,” ó wí.

Ohùn rẹ̀ gba ẹ̀rọ jáde, ó ròkè dé òdìkejì àdúgbò. Ó rí i tí àwọn obìnrin tó ń ta nǹkan lójú ọ̀nà yíjú.

“Bàbá Dáhùnsí ló rí i. Wọ́n yà á, wọ́n fún mi kí n gbé e fún yín, wọ́n ní kí n dárúkọ àwọn. Mo gbé e wá, mi ò dárúkọ wọn. Mo jí ọjọ́ tí wọ́n rí i pàápàá.” Ó wá ọ̀rọ̀ míì, kò rí. “Ọwọ́ wọn nìyí. Ìka wọn tó gé wà lẹ́yìn ẹ̀.”

Tinú ti sọ fóònù kalẹ̀. Ẹnì kan láàárín àwọn ìyá ìjọ ní, “Yéè,” wẹ́rẹ́ báyìí, bí ẹni tí iná jó ní ìka. Pásítọ̀ wo ìgò òróró ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ẹni tó gbé e fún òun. Kò bá Morádéún wí. Kò tilẹ̀ wò ó mọ́. Ó rìn lọ síwájú opó náà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fi ìgò náà sí ọwọ́ rẹ̀.

“Màmá, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ dà á.”

Àwọn ọkùnrin yí ọwọ́ náà padà kí ìyá náà lè dé ibi gbogbo. Ìbídàpọ̀, káfíńtà ìjọ, tó fẹ́ gbé e gòkè, fi àtẹ́lẹwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀.

“Ẹ̀yìn ẹ̀ tẹ́jú dáadáa,” ó wí. “Á jókòó sára géètì.”

Morádéún wò ó. Ó tẹ́jú. Kò sí oríkèé, kò sí èékánná. Ó funfun bí ẹni pé góòlù kò kàn án rí, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹ̀yìn gbogbo ohun tí ẹ̀rọ yẹn ti gé rí. Màmá Àdùfẹ́ náà fọwọ́ wá a látòkè délẹ̀, ó sì dá ọwọ́ dúró.

“Ó ti lọ,” ìyá náà wí, kò sì da òróró mọ́ fún ìgbà díẹ̀.

Wọ́n ní kí gbogbo ìjọ di ojú fún àdúrà. Morádéún dúró lẹ́yìn pátápátá, níbi tí kò ti sẹ́ni tó fẹ́ dúró tì í, ẹ̀yìn rẹ̀ kọ ògiri ọgbà tí kò sí ohunkóhun lára rẹ̀. Ó di ojú. Láàárín àdúrà náà, òórùn kẹrosíìnì àti ọ̀dà dé. Ohun kan sì kàn án léjìká ọ̀tún láti ẹ̀yìn, fẹ́ẹ́rẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń fọwọ́ kan ọmọ tó parí iṣẹ́ rẹ̀. Ó wúwo díẹ̀ ju ti ìgbà náà lọ. Ó pẹ́ díẹ̀ ju ti ìgbà náà lọ. Kò yíjú.

Wọn ò fi í ṣe díákónẹ́ẹ̀sì. Ìyàwó Pásítọ̀ rọra gba kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ gbohùngbohùn ìjọ, tó máa ń wà ní ìkáwọ́ Morádéún, lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó kúrò nínú ọgbà. Nígbà tí òun àti Tinú ń lọ sílé, tí Tinú mọ̀ọ́mọ̀ ń rìn lẹ́yìn kí àwọn èèyàn má bàa rò pé àwọn jọ wà pọ̀, ó gbọ́ tí ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ dúró.

“Aunty mi, ta ló fi ọ̀dà kàn yín lẹ́yìn?”

Ó bọ́ aṣọ náà nílé, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀dà búlúù ni, lórí èjìká ọ̀tún, ìka mẹ́rin tó tò tẹ̀ lé ara wọn. Ó tutù. Mẹ́ta gùn, ìkẹyìn kúrú.

Bí ìdáríjì ni, kò mọ̀. Bí irú àmì tí wọ́n fi sára ẹni tó kọ́kọ́ pa arákùnrin rẹ̀ láyé ni, kò mọ̀. Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Ajé, ó fi kẹrosíìnì nù ún lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó tún fọ̀ ọ́ ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú. Àwọn mẹ́ta tó gùn bọ́ tán, aṣọ náà mọ́ bí ẹni pé wọn kò síbẹ̀ rí.

Èyí tó kúrú kò bọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó wọ aṣọ náà lọ sí ìjọ, kò fi ìborùn bo èjìká, ó gba abẹ́ ọwọ́ tó wà lórí géètì wọlé, ó sì jókòó sí ìlà iwájú, níbi tí gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn ti lè rí i.